Ẹ jẹ́ kí tísà tuntun kọ́kọ́ wo kíláàsì yín

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òmù-Àrán, ọdún kẹrìnlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní táàmù yìí, HM wa, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé, fi tísà tuntun méjì sábẹ́ mi pé kí n máa tọ́ wọn sọ́nà. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Bí mo bá ti wọ kíláàsì rẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ á yí padà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìkejì ti ṣe tísà fún bí ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé aládàáni ní Ìlọrin kí ìjọba tó gbà á. Ohunkóhun tí mo bá sọ, 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà' ni, àmọ́ kò sí èyí tó ń yí padà. Báwo ni kí n ṣe é? Ẹ má sì bínú sí ìbéèrè kejì: ta ni yóò tọ́ èmi náà sọ́nà? Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo bí mo ṣe ń kọ́ni, àfi àwọn tó wá wá àṣìṣe."

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà.

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n má bínú sí yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn ti àkọ́kọ́ wà. Kí ẹ tó tún wọ kíláàsì àwọn tísà méjèèjì yìí, ẹ pè wọ́n wá sí tiyín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wo bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún yín. Àwọn gan-an ni yóò kọ́kọ́ tọ́ yín sọ́nà. Mo mọ̀ pé ó lè le létí: olùkọ́ ọdún 24, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE wá jókòó máa wò ó! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kí n sì sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é tí iyì yín kò fi ní dín kù.

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n yẹn, bíírò ọwọ́ yín ló ń bà á lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wa ní Kwara, ẹni tó bá wọ kíláàsì ẹlòmíràn tòun ti bíírò, a ti mọ ohun tó wá ṣe. Bí ọkọ̀ alábẹ̀wò bá ti yà wọ ọgbà ilé-ìwé, wọ́n á ti rán ọmọ kan láti kíláàsì dé kíláàsì: ẹ gbé lẹ́sìn nóòtù síta, ẹ kọ déètì sí pátákó, ẹ ní kí àwọn ọmọ jókòó dáadáa. Kí àlejò náà tó dé kíláàsì kẹta, ohun tí yóò bá níbẹ̀ ti yàtọ̀ sí ohun tó ń lọ níbẹ̀ kó tó dé. Ìgbà TP, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ fi ìkọ́ni dánra wò ní ilé-ìwé, ni ọmọ yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara pa mọ́ fún alábẹ̀wò. Kí ló fẹ́ mú un gbà pé tiyín yàtọ̀?

Ẹ̀yin náà kò sì ní gbàgbé ọdún 2008. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa dán àwọn olùkọ́ wò nígbà náà. Àwọn tó ṣe ìdánwò yẹn lé ní 19,000, àwọn 75 péré ló kúnjú ìwọ̀n. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é dára, wọ́n fẹ́ mọ irú ìrànlọ́wọ́ tí olùkọ́ nílò. Ìrànlọ́wọ́ náà sì wá: ètò ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náwó sí láti 2008 títí di 2017, mú ìwé ẹ̀kọ́ tó rọrùn láti tẹ̀ lé wá fún àwọn olùkọ́ Kwara, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé láti tì wọ́n lẹ́yìn. Síbẹ̀, ohun tó kù lọ́kàn ọ̀pọ̀ àgbà olùkọ́ ni iye yẹn, 75, àti bí àwọn èèyàn ṣe ń fi í bú wa káàkiri. Ohun tí ìdánwò náà fi hàn yẹ kó dùn wá, ó sì yẹ ká ṣe nǹkan sí i. Àmọ́ olùkọ́ tí ojú bá ti tì, ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ ló máa ń tì pa. Púpọ̀ nínú wa ti ti tiwa láti ìgbà náà, àwọn tí wọ́n fi sábẹ́ wa sì ń kọ́ ọ lára wa.

Ní ilé kéwú ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ tó bá ti jìnnà nínú kéwú ló ń jókòó ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wàláà. Kékeré á gbọ́ bí àgbà ṣe ń kà, á wo bó ṣe ń kọ, á kà á fún àgbà náà kó tó lọ kà á níwájú Álúfáà. Àgbà fúnra rẹ̀ ṣì ń ka tirẹ̀ fún Álúfáà lójú gbogbo wọn. Kékeré ti gbọ́ ibi tí àgbà ti kọsẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kì í fi í bà á láti kọsẹ̀ lójú rẹ̀.

Bí ẹ bá máa pe ọmọ NCE yìí, ẹ má mú ẹ̀kọ́ tí ẹ mọ̀ jù lọ, èyí tí ẹ ti ń kọ́ láti ọdún gbọọrọ tí ẹ lè dijú kọ́. Yóò kàn yà á lẹ́nu ni, yóò sì gbà pé òun kò lè dà bí yín láé. Ẹ mú èyí tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ pè é jókòó ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Ìdá ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní Prámárì 4 lọ́la. Àwọn kan kì í dá sí ẹ̀kọ́ yìí rárá, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi ni mi ò kì í pè wọ́n. Bá mi wò ó." Ẹ ya àga àwọn ọmọ sínú ìwé kan bí wọ́n ṣe tò ó, ẹ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé bí ẹ bá ti pe ọmọ kan, kó fàlà kan sí ibi tí ọmọ náà jókòó sí.

Ẹ fi ọkàn sí èyí, torí ibẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà máa ń bà jẹ́ jù láàárín wa. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò lè wo ojú àgbà kó ní "Mà, bí ẹ ṣe ṣe é kò dáa." Bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́, yóò ní "Ó dára, mà." Ṣùgbọ́n ó lè fàlà sórí ìwé. Nígbà tí ẹ bá gba ìwé náà, tí ẹ rí i pé àwọn ọmọ orí àga méjì iwájú ni ẹ pè ní gbogbo ìgbà, tí igun tó wà lẹ́bàá fèrèsé kò ní àlà kankan, òun kò bú yín. Ẹ̀yin lẹ kà á. Yóò rí i bí ẹ ṣe mí kanlẹ̀, tí ẹ ní "Áà, mi ò mọ̀!" Yóò rí i pé àgbà ń gba àbájáde kò sì bínú. Ọ̀rọ̀ ìgbani-níyànjú púpọ̀ wà, kò sí èyí tó lè ṣe fún un ní ohun tí ìran yẹn máa ṣe.

Bó bá tún wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní kó ka ohun mìíràn: bí ẹ ṣe ń dúró tó lẹ́yìn ìbéèrè. Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè tán, kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ọmọ tiwa tún nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, lójú tèmi. Ìgbómìnà ló fi ń ronú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi í, ó ní láti lọ kó ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti èdè kan sí èkejì kó tó la ẹnu. Kó tó débẹ̀, a ti ní "Next!"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó lọ sí tirẹ̀, òun ni yóò sì sọ ohun tí ẹ máa wò. Bó bá ní kí ẹ wo bí òun ṣe ń kọ sí pátákó, pátákó náà ni kí ẹ wò, bí ẹ tilẹ̀ rí ohun mẹ́wàá mìíràn. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ojú àwọn ọmọ ti ń hàn yín, torí ojú ọmọ ló ń sọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń wọlé. Ẹ má dá sí ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má ṣe tún un ṣe níwájú àwọn ọmọ, bí ó tilẹ̀ kọ sípẹ́lì tí kò tọ́. Ẹ fi ọgbọ́n kọ ọ́ sínú bébà kékeré, kó fúnra rẹ̀ pa á rẹ́. Àwọn ọmọ tó bá rí i pé wọ́n bá tísà wọn wí, ó máa pẹ́ kí wọ́n tó tún bẹ̀rù rẹ̀. Bí ọmọ kan bá wà nínú ewu, ìyẹn nìkan ni kí ẹ torí rẹ̀ dìde.

Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó má di ọ̀la, níbi tí àwọn yòókù kò ti ní gbọ́. Yàrá olùkọ́ kọ́, abẹ́ igi máńgòrò sàn jù. Ẹ bi í pé "Kí lo rí?" kí ẹ sì dúró, ìṣẹ́jú-àáyá 3 tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ jọ mú lọ sínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ olùkọ́ tuntun kan tí àgbà kan fi àṣìṣe ojú ewé mẹ́ta lé lọ́wọ́ nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì. Ó kà á, ó sunkún, kò yí ọ̀kankan padà, torí kò mọ èyí tí òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn nǹkan tí yóò bi yín kì í ṣe nǹkan ńlá, ẹ má fojú kéré wọn. Báwo ni mo ṣe máa mú ọmọ 60 dákẹ́ ní agogo kan ọ̀sán, nínú ooru oṣù Kẹta? Òbí kan wá pariwo lé mi lórí torí mo fìyà jẹ ọmọ rẹ̀, kí ni kí n sọ? Ìwé-ẹ̀rí TRCN rẹ̀, ti àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ń sọ pé ó tó ẹni tó lè wọṣẹ́, kò sọ ìdáhùn ìwọ̀nyí fún un. Ẹ̀yin lẹ ní i.

Ti ìkejì yàtọ̀. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe tuntun, ó sì dà bíi pé bí ẹni tí kò mọ nǹkan lẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" rẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín, ó sì parí síbẹ̀. Ẹ dẹ́kun sísọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Bruce Joyce àti Beverly Showers ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ láti àwọn ọdún 1980 pé ohun tí wọ́n kàn sọ fún olùkọ́, ṣàṣà ni ó ń dé kíláàsì, àfi bó bá rí ẹni bá a gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ìdí nìyẹn tí èmi kò fi gbẹ́kẹ̀ lé wọ́kíṣọ́ọ̀pù ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí a ń lọ ṣe ní gbọ̀ngán, tí a ó gba báàgì àti sátífíkéètì, tí kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ lé wa padà sílé.

Ẹ ní kí òun wá kọ́ yín ní nǹkan. Ó dájú pé ohun kan wà tó mọ̀ jù yín lọ. Ó lè jẹ́ bí a ṣe ń fi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ló ń fi ojú sí i. Ó sì lè jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì. Láti 2022 tí KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ti bẹ̀rẹ̀, orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti ń rí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ sì yá sí i jù tiwa lọ. Ohun tó sábà máa ń ṣe wọ́n ni pé ojú wọn kì í kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n á kà á tán láì mọ̀ pé ọmọ mẹ́rin ti sùn. Ẹ̀yin mọ bí a ṣe ń ka ojú ọmọ, òun mọ bí a ṣe ń ka tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ ṣe é pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe rí ọ̀rọ̀ tó kọjá "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" bá ara yín sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ ṣètò ẹ̀kọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìdá yẹn kan náà. Ẹ bi àwọn ọmọ pé èwo ló tóbi, 1/4 tàbí 1/8, ẹ óò rí iye tí yóò mú 1/8, torí wọ́n rí 8, wọ́n mọ̀ pé 8 ju 4 lọ. Tísà tí kò mọ̀ pé àṣìṣe yìí ń bọ̀ yóò kàn kọ "Wrong" sí ìwé wọn ni. Èyí tó mọ̀ yóò ti ra ànàmọ́ méjì tó tó ara wọn láti ọjà, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ọ̀fà, yóò gé ọ̀kan sí mẹ́rin, yóò gé ìkejì sí mẹ́jọ lójú wọn, yóò ní kí ọmọ kan tí ebi ń pa wá mú èyí tó fẹ́. Ó máa mú èyí tó nípọn. Ìgbà náà ni tísà yóò wá kọ ọ́ sí pátákó. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìtọ́sọ́nà púpọ̀ lọ́dọ̀ wa kò ju bí ọmọ ṣe dákẹ́ àti bí lẹ́sìn nóòtù ṣe mọ́ tónítóní. Ibi tí ọmọ ti ń ṣi ìṣirò, ibi tó ti ń ṣi ọ̀rọ̀ kà, ibẹ̀ ló yẹ kí àgbà àti kékeré jọ máa fi orí kan orí sí.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ní Japan, àwọn olùkọ́ ti ń ṣe nǹkan kan láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú. Olùkọ́ mélòó kan á jọ ṣètò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fínnífínní, ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ, àwọn yòókù á dúró nínú kíláàsì máa wò. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń wò: ta ló ṣì í, níbo ló ti ṣì í, kí ló sọ sí etí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn á sì dá lé ẹ̀kọ́ tí gbogbo wọn jọ ṣètò, kò ní dà bíi pé wọ́n ń fi ẹnì kan ṣe ẹlẹ́jọ́. Àgbà lè fara mọ́ èyí. Ẹ wá àgbà olùkọ́ méjì, bí ẹ kò bá rí wọn ní ilé-ìwé yín, ẹ wò ó ní Òrò tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kan. Bí ẹ bá sì ń rò pé ó ti pẹ́ jù fún yín, òfin àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọdún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di 65, tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á wọlé, ẹ ṣì lè ní ọdún 16 níwájú. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ni ẹ ó kọ́ nínú wọn.

Ó ku àkókò, mo sì mọ̀ pé òun lẹ máa fi dá mi dúró: ta ni yóò di kíláàsì mú? Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹsàn-án 2021, wọ́n ya ọdún méjì sọ́tọ̀ fún olùkọ́ tuntun pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà, wọ́n sì dín iṣẹ́ kù lórí rẹ̀, ìdá 10 nínú 100 ní ọdún kìíní, ìdá 5 ní ọdún kejì. Ìjọba tiwa náà yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń sọ ọ́ gbangba, torí iṣẹ́ tí wọn kò fún ní àkókò, wọn kò tíì gbé e síta láti ṣe. Kó tó dìgbà náà, ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ ni ẹ nílò. Àgùnbánirọ̀ lè bá yín di kíláàsì mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ TP láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Òrò náà lè ṣe é. Bí kò bá sí ìkankan, ẹ kó kíláàsì méjì pọ̀ fún orin tàbí eré ìdárayá lábẹ́ ojú tísà kan.

HM ni kí ẹ lọ bá fún èyí, kí ẹ sì bá a sọ ohun kejì lọ́jọ́ kan náà, kó tó di pé ó béèrè. Ẹ sọ fún un pé ìwé tí ẹ bá fàlà sí nínú kíláàsì àwọn tísà yìí, ọwọ́ wọn ni yóò wà. Kò ní wọ fáìlì, kò ní bá ìgbéga tàbí ìwé ìbáwí lọ. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń na ọmọ ní ìnà ìkà, tàbí pé ọwọ́ tísà kan ń lọ síbi tí kò yẹ lára ọmọ, ẹ sọ fún HM lọ́jọ́ náà, kò sí àṣírí níbẹ̀, kí ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tísà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bó bá béèrè ìròyìn, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pàdé àti ohun tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí fún un. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí àdéhùn yìí níwájú àwọn tísà náà, kí ẹ tó fún ọmọ NCE yẹn ní ìwé àga àwọn ọmọ láti fàlà sí.